Ọta Tó Kọ̀ Lẹ́ẹ̀kan, Tó Dún Lẹ́ẹ̀kejì

Ẹ kú ilé o, Bàámi. Mo kí yín, ṣùgbọ́n ìdúró ni mo wà tí mo fi ń kí yín. Ẹ má rò pé mo kúnlẹ̀. Tí mo bá máa kúnlẹ̀ nínú lẹ́tà yìí, màá sọ ọ́, ẹ ó sì gbọ́ orúkọ ẹni tí mo kúnlẹ̀ fún.

Màámi, ẹ kú ilé o, ẹ kú ọjà Ìkàrẹ́, ẹ kú ẹrù orí. Bàbá Láísì, àbúrò bàbá mi, ẹ kú ìfaradà ẹsẹ̀. Màmá Ìkàrẹ́, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, mo kí ẹ̀yin náà, torí tí mi ò bá kí yín, ẹ ó ní àwọn ará Ṣábẹ ti kọ́ mi ní àfojúdi. Àwọn kọ́ o. Àfojúdi tí mo ní, láti Ọ̀kà ni mo ti gbé e wá.

Rísì, àbúrò mi, ìwọ lo máa ka èyí sí Bàámi létí. Bàámi ń ka Kùránì, wọn kì í ka Yorùbá. Mo kọ ọ́ sínú ìwé ẹ́sásáìsì, mo ya fọ́tò rẹ̀, mo sì jù ú sórí WhatsApp ìdílé kí gbogbo ilé lè rí i. Mo ti pe fóònù títí ó fi sú mi. Tí mo bá ti ní Bàámi, èmi Sìdí ni, fóònù á ti kú. Ó dáa. Lẹ́tà ò ṣeé gé mọ́ èèyàn létí. Má fo ibì kankan o, Rísì. Ibi tó bá korò, ibẹ̀ gan-an ni kí o ti rọra kà.

Mo wà láàyè. Ìyẹn ni àkọ́kọ́, bí ẹnì kan bá fẹ́ mọ̀. Mo wà ní Ṣábẹ, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, lọ́dọ̀ Àǹtí Sàfú, àbúrò Màámi. Ẹ̀yin lẹ ní kí n lọ síbẹ̀ lọ sinmi díẹ̀. Ìsinmi náà rèé: mo ń bó ẹ̀gẹ́ láti àárọ̀ títí ọwọ́ á fi máa yún mi, mo ń yan gààrí títí èéfín á fi wọ inú eyín mi. Àǹtí Sàfú kì í ṣe èèyàn burúkú. Wọ́n máa ń bu oúnjẹ fún mi kí wọ́n tó bu ti àwọn ọmọ tiwọn. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú, torí àlejò ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Owó tí mo ń rí níbẹ̀ kò tó nǹkan, mi ò sì fi ránṣẹ́ sílé. Tí ẹ bá ń retí rẹ̀, ẹ ṣíwọ́.

Ọyẹ́ ti dé síbí. Ètè mi là, gìgísẹ̀ mi là, mo dà bí ògiri ilé àtijọ́. Ohun tó burú jù ni pé òkúta ńlá ńlá wà níbí bíi ti Ọ̀kà. Tí mo bá jáde ní àárọ̀ tí ọyẹ́ ṣì bo ilẹ̀, tí mo rí orí òkúta tó yọ lókè, ọkàn mi á kọ́kọ́ sọ fún mi pé ilé ni mo wà. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan á sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi. Yorùbá ni wọ́n ń sọ o, ṣùgbọ́n kì í ṣe tiwa. Àwọn ọmọbìnrin ibi gààrí máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá la ẹnu. Wọ́n ń pè mí ní Nàìjá. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé ṣé òótọ́ ni pé olè ni mo jà tí wọ́n fi lé mi kúrò nílé. Mo ní rárá, ọ̀rọ̀ ìbọn ni. Gbogbo wọn gbé àpótí ìjókòó wọn sún sẹ́yìn. Láti ọjọ́ náà, àyè gbà mí dáadáa. Ẹ ti ṣe mí lóore.

Ọjọ́ Iléyá, mo wọ aṣọ tí Màámi kó fún mi, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ọmọ àdúgbò ń wọlé, wọ́n ń jáde, wọ́n ń kí ara wọn. Mo gbé fóònù lé itan. Màámi nìkan ló pè, láti ọjà, lórí fóònù ẹlòmíràn. Wọ́n ní ariwo pọ̀, àwọn á tún pè padà. Mo mọ̀ pé ariwo kọ́.

Mo mọ̀ pé Màmá Ìkàrẹ́ máa fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí gbogbo ayé, torí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ̀ wá. Ọdẹ ni bàbá mi. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó gbé orúkọ wọn jáde ní Ọ̀kà, títí dé Ikùn àti Ọ̀bà, ni pé wọ́n máa ń tún ọta kì nínú ilé. Ọdẹ tó bá ti yin ọta kì í ju èèpo rẹ̀ nù, á kó o wá fún Bàámi. Bàámi á yọ káàpù tó ti jóná kúrò nídìí èèpo náà, wọ́n á fi tuntun sí i, wọ́n á wá kì í. Káàpù yìí ló ń gbé iná. Kò tó èékánná ọmọ ọwọ́. Abẹ́rẹ́ ìbọn á gbá a nídìí, iná á ta, ọta á jáde. Tí kò bá jókòó dáadáa nínú ihò rẹ̀, ìbọn á dún kẹ́, ó parí.

Èmi ni mo ń fi káàpù sí i. Nígbà tí mo kúrò nílé-ìwé ní JSS2, tí mo ní mi ò lọ mọ́, Bàámi ò nà mí. Wọ́n wo ọwọ́ mi, wọ́n ní ìka mi tín-ín-rín, wọ́n sì mú mi jókòó ti tábìlì wọn nínú yàrá ẹ̀yìn. Inú mi dùn nígbà náà, mi ò ní parọ́. Bàámi, ẹ kọ́ mi dáadáa. Màá sọ ìyẹn kí ẹnikẹ́ni má bàa ní ìbínú ló fọ́ mi lójú. Ẹ já irin kan nínú agbòjò Màámi, ẹ lù ú pẹlẹbẹ lẹ́nu, ẹ ní òun ni kí n máa fi ha ihò káàpù, torí iná tó jó níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ máa ń fi ẹ̀gbin dúdú sílẹ̀ nísàlẹ̀ ihò, bí ìdí ìkòkò. Màámi bínú nítorí agbòjò yẹn títí òjò ọdún náà fi tán. Ẹ ní kí n ha á, kí n fẹ́ atẹ́gùn sí i, kí n ṣe bísímílà, kí n wá tẹ káàpù wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí n má fi nǹkan lù ú láéláé. Lẹ́yìn náà, kí n fi àtàǹpàkò gba ìdí ọta kọjá. Tó bá tẹ́jú, ó ti jókòó. Tí àtàǹpàkò bá kọ lù ú, ó yọrí nìyẹn, kí n yà á sọ́tọ̀. Ẹ ní ojú lè tan èèyàn jẹ, àtàǹpàkò kì í tan èèyàn jẹ.

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn. Ní ilé-ìwé, wọ́n máa ń sọ fún mi pé mi ò mọ nǹkan kan. Ní tábìlì yín, àtàǹpàkò mi mọ nǹkan.

Nígbà tó yá, ojú ọ̀nà le. Àwọn ọdẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ igbó nítorí àwọn ajínigbé, àpò èèpo ọta wá kún yàrá ẹ̀yìn dé ojú fèrèsé. Ẹ wá ń kánjú. Ẹ gba irin agbòjò lọ́wọ́ mi, ẹ ní híha ń jẹ àkókò, ẹ ní mò ń ha ihò bí ẹni ń ha ìkòkò ọbẹ̀ ìyàwó ọ̀lẹ. Ẹ ní ẹ̀gbin yẹn ò tó nǹkan, káàpù tuntun á ṣì wọlé.

Mo sọ̀rọ̀. Ọ̀sán Jímọ̀ kan ni, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti mọ́sálásí dé, àwọn ọdẹ mẹ́ta jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Mo mú ọta méjì jáde, mo ní Bàámi, àwọn méjì yìí yọrí. Ẹ gbà wọ́n lọ́wọ́ mi, ẹ ò tiẹ̀ fọwọ́ kan ìdí wọn. Ẹ kọjú sí àwọn ọdẹ, ẹ ní kí wọ́n wá wo ẹni tó sá fún JSS2, ó ti di enjiníà ìbọn. Ọ̀kan nínú wọn ní kí n jọ̀ọ́ bá òun wo ọ̀kadà òun tí kò fẹ́ sítáàtì. Òmíràn ní ọkọ tó bá máa fẹ́ mi, àtàǹpàkò ni màá kọ́kọ́ fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú yín. Ẹ̀yin, bàbá mi. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo àdúgbò ti ń pè mí ní Enjiníà Káàpù. Àwọn ọmọ tó ń lọ pọn omi ń pè mí bẹ́ẹ̀. Rísì, ìwọ náà pè mí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo gbá ọ létí, mi ò sì kábàámọ̀.

Àwọn ọta méjì yẹn, mo rí i bí ẹ ṣe kó wọn padà mọ́ àwọn tó kù.

Àìpẹ́ sígbà náà ni ẹlẹ́dẹ̀ igbó bẹ̀rẹ̀ sí í hú ẹ̀gẹ́ Bàbá Láísì nínú oko wọn lọ́nà Ikùn. Bàbá Láísì kì í ṣe ọdẹ. Àgbẹ̀ ni wọ́n, ìbọn ẹlẹ́nu kan ni wọ́n ní. Wọ́n wá gba ọta márùn-ún nílé wa, èmi ni mo kó o sínú ọ̀rá fún wọn. Wọ́n fọwọ́ pa mí lórí, wọ́n ní tí àwọn bá pa ẹlẹ́dẹ̀ náà, àwọn Kìrìsìtẹ́nì àdúgbò á jẹ ẹran, àwọn á jẹ ẹ̀gẹ́ àwọn, kálukú á jẹ halálì tirẹ̀. Bàbá Láísì ló máa ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó ń pa mí lẹ́rìn-ín nílé yẹn àfi àwọn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, oòrùn ti yọ, wọ́n bá ẹlẹ́dẹ̀ náà láàárín ẹ̀gẹ́. Wọ́n tẹ ìbọn. Ìbọn dún kẹ́. Ẹlẹ́dẹ̀ yíjú padà. Kí wọ́n tó fa òòlù ìbọn sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kejì, ó ti dé ọ̀dọ̀ wọn, ó fi eyín ya ẹsẹ̀ wọn láti itan dé orúnkún. Wọ́n ṣubú sẹ́yìn, orí ìdùbúlẹ̀ ni wọ́n ti fà á, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Ọta kan náà o. Wọn ò pààrọ̀ rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ó dún. Kò ba ẹlẹ́dẹ̀, ìró rẹ̀ ló lé e lọ. Àwọn ará oko ló gbé wọn sórí ọ̀kadà dé ọsibítù ní Ìkàrẹ́. Dókítà ò gé ẹsẹ̀ náà, ṣùgbọ́n orúnkún ò tẹ̀ mọ́. Títí di òní, Bàbá Láísì ń wọ́ ẹsẹ̀ yẹn tẹ̀lé ara wọn bí ẹni ń fa ewúrẹ́ tó kọ̀.

Nítorí pé ọta náà kọ̀ tó tún wá dún, ni wọ́n fi mú mi. Màmá Ìkàrẹ́, ẹ rántí ohun tí ẹ sọ? Ẹ dé láàárọ̀, ẹ ò tíì bọ́ bàtà. Ẹ ní ọta tó kọ̀ tó tún gbà, ọwọ́ aláìmọ́ ló bò ó lójú, ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kán sílẹ̀ ni ojú rẹ̀ tó là. Ẹ pè mí sáàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, níwájú Bàámi, níwájú àwọn ọdẹ, ẹ bi mí pé ṣé nǹkan oṣù wà lára mi nígbà tí mo fọwọ́ kan ọta. Mi ò dáhùn. Ẹ tún bi mí. Mo ń wo ẹsẹ̀ àga. Màámi fẹ́ sọ̀rọ̀, Bàámi ní kí wọ́n lọ wo iná. Iná wo? A ò gbé nǹkan kan kaná. Bàámi wá ní ẹni tó dákẹ́ ti jẹ́wọ́.

Kò sí nǹkan lára mi lọ́jọ́ yẹn. Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo sọ ọ́ níwájú gbogbo WhatsApp, ojú ò tì mí mọ́. Ẹ bi Màámi. Ìyá àti ọmọ tó ń sùn lórí ẹní kan náà mọ ọjọ́ ara wọn.

Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ẹ ti ní kí n wọ mọ́tò. Ẹ ò sìn mí dé gáréèjì. Orí fóònù lẹ ti sọ fún dẹ́rẹ́bà pé kó má jẹ́ kí n jókòó níwájú, torí aláìmọ́ ni mí.

Ọkọ Àǹtí Sàfú, Bàbá Alágbẹ̀dẹ ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n. Wọ́n ń rọ ọkọ́, wọ́n ń tún ìbọn ṣe, wọ́n sì ń tún ọta kì fún àwọn ọdẹ ibí. Nígbà tí mo gbọ́, mo búra pé mi ò ní dé abẹ́ àtíbàbà wọn. Ẹ̀yìn ilé ni mo máa ń gbà kọjá. Àfi ọjọ́ tí Àǹtí ní kí n gbé oúnjẹ lọ fún wọn. Mo bá wọn tí wọ́n jókòó, irin pẹlẹbẹ kan wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń ha ihò káàpù. Àwo bọ́ lọ́wọ́ mi, ọbẹ̀ dà.

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fi ń ha á. Wọ́n wò mí, wọ́n ní ṣebí àwọn gbọ́ pé ọmọ ọdẹ ni mí. Wọ́n ní tí ẹ̀gbin bá wà nísàlẹ̀ ihò, káàpù ò ní kanlẹ̀, orí ẹ̀gbin ló máa dúró lé. Abẹ́rẹ́ ìbọn á wá gbá a, ṣùgbọ́n agbára tó yẹ kó fi ta iná, títì ló máa fi tì í wọlé. Ìbọn ò ní dún. Títì yẹn ló wá mú un kanlẹ̀. Tí wọ́n bá gbá a lẹ́ẹ̀kejì, á dún. Wọ́n ní àwọn ò lè ka iye ìgbà tí àwọn ti rí i. Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni ní òjò lè rọ̀ lọ́la, wọ́n sì ní kí n lọ bu ọbẹ̀ míì wá.

Wọ́n na ọta kan sí mi, wọ́n ní kí n yẹ ìdí rẹ̀ wò fún àwọn, ìka mi kéré. Mo dá a padà.

Bàámi, ṣé ẹ gbọ́? Ọta á kọ̀, á tún wá dún. Kò sí ọwọ́ aláìmọ́ níbẹ̀. Ẹ̀gbin ìdí ihò ni, èyí tí irin agbòjò Màámi ń ha kúrò kí ẹ tó gbà á lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin náà sì mọ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ ò mọ̀ ni, màá ní àìmọ̀ ni, màá bínú díẹ̀, yóò tán. Ẹ mọ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Ẹ jókòó síbẹ̀, ẹ ń yí tẹ̀sùbáà, ẹ jẹ́ kí Màmá Ìkàrẹ́ kó gbogbo ẹ̀gbin inú ihò yẹn dà lé mi lórí, torí ó rọrùn kí ọmọ yín jẹ́ aláìmọ́ ju kí ọwọ́ yín jẹ́ ọwọ́ oníkánjú lọ. Ẹ fẹ́ kí àwọn ọdẹ máa kó èèpo wá. Wọ́n ṣì ń kó o wá, àbí? Ẹ kú iṣẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Rísì fi ohùn ránṣẹ́ sí mi. Ó ní òun ni òun ń fi káàpù sí i báyìí. Inú rẹ̀ ń dùn, mo gbọ́ ọ lóhùn rẹ̀, ó dà bí ohùn tèmi nígbà yẹn. Ó ní Bàámi ní ọmọdé ni òun, ọwọ́ òun mọ́. Mo bi í pé ṣé ó ń ha ihò. Ó ní ihò wo.

Ọjọ́ náà ni mo ra ìwé ẹ́sásáìsì yìí.

Ọwọ́ Rísì máa mọ́ títí di ìgbà wo, Bàámi? Ọmọ ń dàgbà. Àwọn ọta tí Rísì ń fi káàpù sí yẹn, àwọn ẹ̀ṣọ́, àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ igbó, ló ń kó wọn lọ sójú ọ̀nà Ìkàrẹ́. Ohun tó ń dúró dè wọ́n níbẹ̀ kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀, ajínigbé ni. Tí ìbọn ọ̀kan nínú wọn bá dún kẹ́, a ò ní rí ẹni tó máa padà wálé wá tiro. Ẹ ó sì tún pe ọmọbìnrin yín sáàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ ó bi í ní ìbéèrè yẹn, ọjọ́ orí rẹ̀ á sì kéré sí tèmi nígbà tí ẹ bi mí.

Ohun tí mo fẹ́ rèé. Irin agbòjò wà nínú agolo mílíìkì lórí pẹpẹ yàrá ẹ̀yìn. Ẹ̀yin lẹ fi síbẹ̀, ẹ ò jù ú nù, mo sì mọ ìdí tí ẹ ò fi jù ú nù. Ẹ mú un fún Rísì. Ẹ jẹ́ kó ha gbogbo ihò. Èyí tó bá ní ó yọrí, ẹ yà á sọ́tọ̀, ẹ má pe ọdẹ kankan wá rẹ́rìn-ín, kí ẹnikẹ́ni má sì fi òòlù kàn án pé òun ń tì í wọlé. Àwọn tí ẹ ti kì láìha, ẹ gbà wọ́n padà lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́. Ojú á tì yín. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Tí ẹ ò bá gbà wọ́n padà kí Jímọ̀ tó ń bọ̀ tó kọjá, màá pe olórí wọn fúnra mi. Nọ́ńbà wọn wà lọ́wọ́ mi, Bàbá Láísì mọ ẹni tó fún mi.

Ó ku ohun kan. Rísì, má dákẹ́ níbí. Tí ohùn rẹ bá ń gbọ̀n, mu omi, kí o máa kà á lọ.

Lọ́jọ́ tí Bàbá Láísì wá gba ọta, kí n tó kó o sínú ọ̀rá, mo fi àtàǹpàkò gba ìdí wọn kọjá. Kò sí ẹni tó ní kí n ṣe é, ó ti mọ́ mi lára ni. Ìkíní tẹ́jú. Ìkejì tẹ́jú. Ìkẹta kọ lu àtàǹpàkò mi. Kò pọ̀, bí irun àgbọ̀n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Mo tún gbà á kọjá lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tún kọ lù mí. Bàámi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọdẹ tó sọ̀rọ̀ ọkọ mi ọjọ́sí wà lọ́dọ̀ wọn. Mo ní tí mo bá gbé e jáde, wọ́n á ní Enjiníà dé. Mo dúró. Mo wá sọ nínú ara mi pé, ó dáa, kó kọ̀. Kí ìbọn dún kẹ́ níwájú ẹran, kí Bàbá Láísì padà wá sọ fún gbogbo ayé, kí ojú ti bàbá mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo kó o mọ́ àwọn mẹ́rin yòókù, mo so ọ̀rá náà lẹ́nu. Ìgbà yẹn ni Bàbá Láísì fọwọ́ pa mí lórí tí wọ́n sọ̀rọ̀ halálì. Mo rẹ́rìn-ín. Mo rántí pé mo rẹ́rìn-ín.

Ìtìjú ni mo ń wá. Mi ò rò ó dé ibi eyín ẹlẹ́dẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi dáhùn nígbà tí Màmá Ìkàrẹ́ ń bi mí. Tí mo bá la ẹnu pé kò sí nǹkan lára mi, èyí tó kù ló máa tẹ̀lé e jáde. Mo kúkú yàn kí ẹ pè mí ní aláìmọ́.

Bàbá Láísì, mo ti kúnlẹ̀ báyìí. Ẹ̀yin ni mo kúnlẹ̀ fún. Ilẹ̀ ibi gààrí ni, eérú wà níbẹ̀, ó ṣì gbóná, ìwé wà lórí àpótí níwájú mi. Èmi ni mo mọ̀ tí mi ò sọ. Mi ò ní kí ẹ dárí jì mí lónìí. Tí ẹ bá tilẹ̀ fẹ́ bú mi, ẹ fi ohùn ránṣẹ́, màá gbọ́ ọ délẹ̀, mi ò ní gé e.

Bàámi, mi ò tíì kúnlẹ̀ fún yín. Ọjọ́ tí ẹ bá sọ ti irin agbòjò níwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, pẹ̀lú ẹnu ara yín, màá wọ mọ́tò wá kúnlẹ̀ fún yín ní Ọ̀kà. Títí di ìgbà náà, ìdúró ni.

Ọlọ́run á fún ẹsẹ̀ Bàbá Láísì ní ìrọ̀rùn. Ọlọ́run á ṣọ́ àwọn tó ń wọ igbó nítorí wa, á dá gbogbo wọn padà. Màámi, Ọlọ́run á pèsè agbòjò tí ẹnì kankan ò ní já irin inú rẹ̀. Màmá Ìkàrẹ́, Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí títí ẹ ó fi bẹ̀ mí. Bàámi, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ọwọ́ yín fa ikú ẹnikẹ́ni. Àmín mi níbẹ̀ yẹn, láti inú ọkàn ni. Ẹ bá mi kí àwọn ará ilé lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹ kí àwọn ọmọ tó ń lọ pọn omi, ẹ ní Enjiníà ní kí ẹ kí wọn.

Rísì, tí o bá kà á tán, má dúró gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ. Wọ yàrá ẹ̀yìn lọ. Fi àtàǹpàkò rẹ gba ìdí gbogbo ọta tó wà lórí tábìlì kọjá, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá kọ lù ọ́, gbé e jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá jókòó síbẹ̀, kí o sọ ọ́ sókè.

Èmi ni ọmọ yín, tí ẹ ní kó lọ sinmi,
Sìdíkátù